Bí àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé ṣe ń di ìwé

Àpilẹ̀kọ tí èèyàn fi gba oyè ọ̀mọ̀wé kì í ṣe ìwé. Àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ní yunifásítì ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ká ní olùkọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́ ṣèwádìí nípa àwọn obìnrin tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo. Ẹni tó bá ra ìwé rẹ̀ fẹ́ mọ bí ẹja ṣe ń ti inú ọkọ̀ dórí àtẹ, ta ló ń dá iye lé e, ta ló ń ta àwìn fún ta. Orí tó dá lórí tíọ́rì lè má ju ojú ewé mélòó kan lọ mọ́.

Iléeṣẹ́ atẹ̀wé kì í sábà béèrè gbogbo iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ kan náà. Àbá ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà: ohun tí ìwé náà ń sọ, àwọn tí yóò kà á, ìwé tó ti wà lórí ọ̀rọ̀ náà, àti orí kan tàbí méjì. Bó bá wu olóòtú, ó sábà máa ń fi í han onímọ̀ méjì tí òǹkọ̀wé kò ní mọ orúkọ wọn. Oṣù á máa gorí oṣù.

Èsì wọn ló gba ọgbọ́n jù. Ọ̀kan lè ní kí wọ́n yọ orí kẹta dànù, kí èkejì ní orí yẹn gan-an ló dùn jù. Kí òǹkọ̀wé má bá wọn jà, kó má sì gba gbogbo rẹ̀ bí àṣẹ. Lẹ́tà ni yóò kọ sí olóòtú, tí yóò dáhùn wọn níkọ̀ọ̀kan: èyí ni n ó tún ṣe, tọ̀hún ni mi ò ní yí padà, ìdí rẹ̀ nìyí. Lẹ́tà yìí wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ iléeṣẹ́ náà máa ń wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé.

Nínú àdéhùn, owó kì í pọ̀. Ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ ni kí òǹkọ̀wé ṣọ́. Òfin ọdún 2022 ní Nàìjíríà fi ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, torí náà ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìka àdéhùn náà ti fi ogún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tọrẹ. Iléeṣẹ́ tó bá sì gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé láìka iṣẹ́ rẹ̀ rárá, ìtẹ̀wé lásán ló ń tà. (Ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ló ń lé ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ síbẹ̀.)

Lẹ́yìn àtúnṣe èdè, àṣìṣe nìkan ló kù láti mú. Kì í ṣe àsìkò àtúnkọ mọ́. Atọ́ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé sábà máa ń já lé òǹkọ̀wé léjìká, ìgbà tí nọ́ńbà ojú ewé bá sì dúró ló ṣeé parí. Ilé Ìkówèésí Àpapọ̀ ló ń fún iléeṣẹ́ ní ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, òfin sì ní kí iléeṣẹ́ aládàáni kó ẹ̀dà 3 lọ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.