Ẹ̀jẹ̀ Tó Yàtọ̀ Kì Í Ṣe Ẹ̀jẹ̀ Tó Dọ̀tí

"Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ mi ti dọ̀tí?"

Èmi ò tilẹ̀ í ṣe dókítà. Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ kóòtù funfun, dókítà náà ni. Màmá tó bi mí ń ta aṣọ ní Balógun, apá aṣọ tí wọ́n wọ̀ sì gùn dé ọrùn ọwọ́ nínú ooru oṣù kẹta. Abẹ́ rẹ̀ ni sọ̀ráyásíìsì, àrùn awọ kan, wà: ìgúnpá wọn nípọn, ó ń bó bí èèpo. Àwọn ìwé òyìnbó ní pupa ló máa ń rí, ṣùgbọ́n lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó lè rí bí eérú, bí elése àlùkò, tàbí kó kàn dúdú ju ara yòókù lọ. Làpálàpá ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Alágbo kan ní Mushin ti ní kí Màmá wá ra àgbo tí yóò fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe rí lẹ́tà H, tó túmọ̀ sí pé ó ga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ CRP lórí ìwé èsì (purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ kan tó máa ń ga bí wàhálà bá wà lára), wọ́n gbà pé alágbo jàre.

Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré, tí a fi ẹ̀rọ yí i bíríbírí, èyí tó pupa á lọ sísàlẹ̀, omi kan tó rí bí òróró ẹ̀pà á lékè. Inú omi yẹn ni purotéènì wà, nǹkan bíi gíráàmù 60 sí 80 nínú lítà kan. Ẹ má rò pé ẹ̀wà àná ló ń léfòó níbẹ̀ o. Ara ló ṣe wọ́n, ẹ̀dọ̀ ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Àwọn kan ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, àwọn kan ń bá kòkòrò jà. Àwọn mìíràn kò pọ̀ rárá, iṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ́ kiri.

Àwọn oníṣẹ́ yìí ló jọ àrokò ayé àtijọ́. Ọba á di owó ẹyọ ránṣẹ́, kò ní sọ̀rọ̀, ẹni tó gbà á á sì ti mọ̀ bóyá ogun ni tàbí ìrẹ́pọ̀. IL-17, IL-23 àti TNF ni àrokò tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Lára ẹni tó ní sọ̀ráyásíìsì, àrokò ogun ló ń lọ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ogun kankan ò sí nílùú. Awọ sì gbà á gbọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó lo nǹkan bí oṣù kan kó tó ti ìsàlẹ̀ awọ dé òkè á sáré dé láàrin ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á gun ara wọn lórí. Awọ náà á máa ṣe purotéènì apakòkòrò kan, beta-defensin 2, lápọ̀jù, yóò sì ṣàn wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí àrùn bá ṣe le tó ló sábà máa ń pọ̀ tó.

CRP wá ńkọ́? Ọdún 1930 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń ṣe. Ó dà bí fèrè ọkọ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà. Bí gbogbo dánfó bá ń fọn ọ́n, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀nà dí. Fèrè ò ní sọ bóyá tírélà ló ṣubú tàbí kọ̀ńdọ́ ló ń jà nítorí ṣéńjì. Ibà á gbé CRP sókè, eyín tó kẹ̀ á gbé e sókè, ara sísanra náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì sì wà tí sọ̀ráyásíìsì bò lára, tí CRP rẹ̀ ò ga rárá.

Ibí ni ọ̀rọ̀ "ìyàtọ̀" ti ń ṣi èèyàn lọ́nà. Bí àwọn onímọ̀ bá ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní sọ̀ráyásíìsì yàtọ̀, ọ̀wọ́ èèyàn ni wọ́n ń fi wé ọ̀wọ́ èèyàn. Òótọ́ ni pé ọkùnrin ga ju obìnrin lọ, ṣùgbọ́n obìnrin gíga kún Balógun. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè dá sọ pé sọ̀ráyásíìsì rèé. Ojú dókítà awọ ló ń dá a mọ̀, ìgbà mìíràn á gé awọ bíńtín wá fún àyẹ̀wò.

Oògùn ni mo rí bí èrè ìmọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n mọ àrokò tó ń dá wàhálà sílẹ̀, wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ tó ń dá a dúró lọ́nà, bíi secukinumab tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2015. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ó tún yé wa pé àrùn yìí ò mọ sára awọ: oríkèé lè wú, ewu àrùn ọkàn sì ga sí i. Kì í sì í ràn.

Mo sọ fún Màmá pé ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni alágbàfọ̀ ẹ̀jẹ̀, wọn kì í sì í gbowó. Mo bi wọ́n bóyá ibà ṣe wọ́n láìpẹ́ yìí.

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lo oògùn rẹ̀ tán."

Mo ní kí wọ́n lọ rí dókítà awọ ní Ìdí-Àràbà, kí wọ́n mú ìpara tí wọ́n pò fún wọn lọ́jà dání, kí wọ́n sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tún CRP yẹn wò.