Ohun tí ẹ̀jẹ̀ sọ nípa Kòrónà l'Ékòó

Lóṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ọdún 2020, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń ti ilé dé ilé l'Ékòó, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilé, àtẹni tára rẹ̀ le, àtẹni tí kò le. Àjọ NCDC tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà àti ilé ìwádìí ìṣègùn NIMR tó wà ní Yaba ló wà nídìí ẹ̀. Èsì rẹ̀ ni pé, nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò, bí 23 ló ti ní ańtíbọ́dì Kòrónà lára, ìyẹn àmì pé àrùn náà ti wọ ara wọn rí. Ẹ má gbàgbé pé èèyàn Èkó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá, àmọ́ àkọsílẹ̀ ìjọba nígbà náà kò ka aláàrùn tó 25,000.

Ẹni tó bá lọ ṣàyẹ̀wò nìkan ni àkọsílẹ̀ mọ̀. Ẹni tí ikọ́ bá fínra ní Mushin, tó mu àgbo, tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, ta ló kọ orúkọ rẹ̀?

Ańtíbọ́dì ni ohun ìjà tí ara máa ń ṣe sí fáírọ́ọ̀sì tó bá wọlé. Ní láàbù, wọ́n á ti lẹ ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì mọ́ inú ihò wẹ́wẹ́ lára àwo ike kan. Wọ́n á kán omi ẹ̀jẹ̀ sí i, ańtíbọ́dì tó bá mọ ẹ̀yà náà á dì mọ́ ọn, wọ́n á ṣan ìyókù dànù. Bí wọ́n bá wá da oògùn aláwọ̀ sí i, tí àwọ̀ yí, ańtíbọ́dì ti wà níbẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára AstraZeneca dé Nàìjíríà lóṣù kẹta 2021, ọ̀rọ̀ di méjì: ṣé àìsàn ló fún èèyàn ní ańtíbọ́dì ni, àbí abẹ́rẹ́? Ẹ̀gún tó wà lára fáírọ́ọ̀sì nìkan ni abẹ́rẹ́ yìí ń fi han ara. Àìsàn gan-an á fi ẹ̀gún hàn, á tún fi ẹ̀yà tó wé mọ́ àbùdá inú fáírọ́ọ̀sì hàn. Tí láàbù bá rí ańtíbọ́dì ti inú yẹn, àìsàn ti kọjá níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára míì, Sinopharm, ló ń da èyí rú, torí odindi fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti pa ló wà nínú rẹ̀.

Ańtíbọ́dì tún máa ń dín kù lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ti inú ló sì sábà ń tètè ṣá. Nítorí náà, ẹni tí àyẹ̀wò kò rí nǹkan lára rẹ̀ lè ti ṣàìsàn náà rí, kí ara rẹ̀ sì ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń bá a jà. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ibà ẹ̀fọn (malaria) tó pọ̀ nílẹ̀ wa lè mú kí àwọn àyẹ̀wò kan sọ pé ańtíbọ́dì wà níbi tí kò sí. Ìdí nìyẹn tí láàbù tó mọṣẹ́ fi ń kọ́kọ́ dán àyẹ̀wò wò lórí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà pa mọ́ ṣáájú 2019, nígbà tí Kòrónà kò tíì dé.