Àlọ́ kì í ṣe oògùn irọ́ o

Àwọn òbí tó ń kó ọmọ wá sí kíláàsì Yorùbá mi níbí ní Òṣogbo, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ò ju ìkan lọ: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa àlọ́ kan fún un tí ò ní jẹ́ kó máa purọ́ mọ́." Bíi pé kẹ́míìsì ni wọ́n wá! Mo mọ ibi tọ́rọ̀ yẹn ti wá ṣá. Nílé ìwé, tí wọ́n bá ti pàlọ́ tán, wọ́n á ní kí lẹ rí kọ́ níbẹ̀, gbogbo wa bá gbà pé ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ni àlọ́, ìyókù kàn jẹ́ eré. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo àlọ́ àpamọ̀ ná. "Òkun ń hó yeè, ọ̀sà ń hó yeè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Ọmọrogùn ni, òun la fi ń ro àmàlà nínú omi tó ń hó. Ìwà rere wo ló wà níbẹ̀? Kò sí. Àmọ́ ọmọ tó ti ń rí ọmọrogùn ní kíṣìnnì látìgbà tí wọ́n ti bí i, ọjọ́ yẹn ló máa tó wò ó dáadáa. Àpamọ̀ làwọn àgbà fi máa ń bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ kó tó kan àpagbè, ìyẹn àlọ́ onítàn tó lórin, kóorun lè dá lójú àwọn ọmọ. "Kí ló ń kọjá níwájú ọba tí kì í kí ọba?" Àgbàrá òjò. Ẹ jẹ́ kọ́mọ náà wá a fúnra ẹ̀ o, àwọn òbí òde òní ò ní sùúrù, wọn ò tíì bi í tán tí wọ́n ti ń dá ara wọn lóhùn.

Àpagbè wá ni tèmi gan-an. Ṣé ẹ rántí ti Ìjàpá àti Babaláwo? Yánníbo ìyàwó Ìjàpá ń wá ọmọ, Babaláwo se àsèjẹ fún un, ó kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, òórùn ọbẹ̀ ò jẹ́ kó gbádùn lójú ọ̀nà, ó bá jẹ ẹ́, ikùn ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ló bá sáré padà, tó ń fi orin bẹ Babaláwo, táwọn tó ń gbọ́ ń gbè é ní "alugbinrin". Ẹ fetí sí ohun tó ń sọ nínú orin yẹn dáadáa: ó ní gbòǹgbò ló gbé òun ṣubú, ọwọ́ òun ló ṣèèṣì kan ọbẹ̀, tó sì kan ẹnu. Irọ́ gbuu! Gbogbo ọmọ tó jókòó ló mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n sì ń bá a gbè é, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń gbọ́ bí irọ́ ṣe máa ń dùn lẹ́nu ẹni tí ọwọ́ ti tẹ̀. Kí lẹ tún fẹ́ kí n fi kún un?

Àwọn mìíràn wà tó kàn ń sọ ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí, bíi ti ẹ̀yìn Ìjàpá tó fọ́ wẹ́wẹ́, ìyẹn ò le. Èyí tó máa ń ba àgbà gan-an lẹ́rù ni ti Olúrónbí tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọ ẹ̀ fún Ìrókò, nígbà táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń jẹ́jẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ẹ pa á ní Òṣogbo níbí, níbi táwọn èèyàn ti ń wá tọrọ ọmọ lọ́dọ̀ Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ ọdọọdún, kẹ́ ẹ wo bí ilé ṣe máa pa rọ́rọ́.

Ẹ má wá pe ìtàn Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ní àlọ́ níwájú àgbà ìlú yìí o! Bí wọ́n ṣe kúrò ní Ìpólé nítorí omi, tígi wó sódò tó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, ìtàn ìdásílẹ̀ Òṣogbo nìyẹn, oyè àti ọdún Ọ̀ṣun dúró lé e lórí. Ẹsẹ Ifá náà ní ìtàn nínú, àmọ́ ẹbọ àti àyẹ̀wò ló wà fún, kì í ṣe tìmọ́lẹ̀ òṣùpá.

Ìjàpá nìkan ló máa ń yà mí lẹ́nu. Aláǹtakùn ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ ní Ghana, Gizo tiẹ̀ ni tàwọn Hausa, aláǹtakùn lòun náà, àmọ́ ní Kúbà, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ, ìjàpá ṣì ni, Jicotea ni wọ́n ń pè é. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n mú ẹrù dání nínú ọkọ̀ yẹn o, ẹnu ni wọ́n fi gbé e débẹ̀.

Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé, àpamọ̀ méjì mẹ́ta ti tó, kẹ́ ẹ wá mú àpagbè kan tí ègbè ẹ̀ kúrú. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ má bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Bí ìyá àgbà bá ṣì wà tó mọ orin ẹ̀, ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, orin ló máa ń kọ́kọ́ sọnù, ìtàn rọrùn láti rántí.