Igi ń mu omi, kí ló wá dé tí omi ń pa á?

Ìbéèrè: Wọ́n ní ní Fínlándì, ṣe ni wọ́n gbẹ́ gọ́tà la igbó àbàtà kọjá kí igi lè dàgbà. Ṣebí omi ni igi ń mu?

Ìdáhùn: Omi ló ń mu, ṣùgbọ́n gbòǹgbò tún ń mí. Àbàtà tí à ń sọ yìí kì í ṣe ẹrẹ̀ lásán. Ewéko tó ti kú ni, tó ń gorí ara wọn láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí omi kò jẹ́ kó jẹrà tán. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí o fún un pọ̀: omi á máa ṣàn jáde bíi ti kànìnkànìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò ráyè níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí igi páìnì tó ti pé 100 ọdún fi lè dúró síbẹ̀ kó má nípọn ju apá ènìyàn lọ.

Ìbéèrè: Gọ́tà wá tún un ṣe?

Ìdáhùn: Ó tún un ṣe. Láàárín ọdún 1960 sí 1980 ni wọ́n gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù. Ilẹ̀ tó kàn lé ní mílíọ̀nù 4 hẹ́kítà. Gé irú páìnì bẹ́ẹ̀ lulẹ̀, kí o wo ojú ibi tí ayùn gbà: àwọn òrùka ọdọọdún tó wà láàárín há mọ́ra débi pé wọn ò ṣeé kà. Àfi bí wọ́n ṣe fẹ̀ lójijì, látìgbà tí gọ́tà dé.

Ìbéèrè: Bí gọ́tà bá dí ńkọ́?

Ìdáhùn: Wọ́n á tún un gbẹ́, ìdọ̀tí á sì ṣàn lọ ba odò jẹ́. Ibi tó yà mí lẹ́nu nìyí: igi tó ti dàgbà, pọ́ǹpù ni òun fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń fa omi, bẹ́ẹ̀ ni ewé ń tú u sáfẹ́fẹ́. Níbi tí igi bá ti pọ̀ tó, gọ́tà tó dí lè má dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, omi á gòkè padà, á wá máa fìyà jẹ ọ̀dọ́ igi. Ìyẹn làwọn kan fi ń ṣa igi ńlá gé, tí wọ́n ń fi ìyókù sílẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n tún ń da eérú síbẹ̀?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, eérú igi, irú èyí tí à ń kó nídìí àrò. Pọtásíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ igi tó wọ́n nílẹ̀ náà, ló ń fún igi.

Ìbéèrè: Kò wá ní àléébù?

Ìdáhùn: Ó ní, ó sì tóbi. Afẹ́fẹ́ tó wọlé fún gbòǹgbò ló wọlé fún ìjẹrà. Ohun tí omi ti ń tọ́jú bọ̀ látayébáyé ń di kábọ́n dáyọ́ksáídì, afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, ilẹ̀ sì ń rì. Níbi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá, ohun tó ń jáde lè ju èyí tí igi ń kó pamọ́ lọ. Ní tèmi, ibi tí wọ́n gbẹ́ gọ́tà sí tí igi ò tíì ta pútú títí dòní, kí wọ́n dí i pa, kí wọ́n dá ilẹ̀ padà fún omi.