Alábòójútó Ojú Iṣẹ́, Kì Í Ṣe "Máníjà Sáìtì"

Ó ti sú mi bí mo ṣe ń gbọ́ "máníjà sáìtì" lórí rédíò, fún ẹni tó ń bójú tó gbogbo iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Máníjà wà ní báńkì, ó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ẹrẹ̀. Àwọn tó fẹ́ fi Yorùbá pọ́ńbélé sọ ọ́ wá gbé "olùdarí ibùdó ìkọ́lé" dé, èyí tó tún burú jùyẹn lọ. Ibùdó ni ibi tí ọmọ ogun tẹ̀dó sí. Kí la fẹ́ fi ibùdó ṣe, nígbà tí lébírà tó ń ru yanrìn gan-an mọ̀ pé ojú iṣẹ́ lòun ń lọ?

Alábòójútó ojú iṣẹ́ ni mo ń pè é, n kò sì ní yí i padà. Ojú wà nínú orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ojú náà sì ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Olùdarí lè jókòó sí Àbújá kó máa darí. Alábòójútó kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni lédè ní "ọ̀gá iṣẹ́" ti tó. Kò tó rárá. Ẹni tó nilé, ọ̀gá ni; kọngílá, ọ̀gá ni; birikilà tó ní ọmọṣẹ́ méjì, ọ̀gá ni. Fọ́máànù ńkọ́? Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ nìkan ló ń wò.

Olórí alásè níbi ìnáwó ńlá ni ẹ fi wò ó. Òun kọ́ ló ń gé àlùbọ́sà, òun kọ́ ló ń ro àmàlà. Ṣùgbọ́n òun ló mọ iye ẹran tó wọ ìkòkò, ìgbà tó yẹ kí ìrẹsì kúrò lórí iná, àti ẹni tó ń gbé òróró pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Bí ìrẹsì bá jóná, kò sẹ́ni tó máa bi ẹni tó pọnmi.

Èmi ni mò ń kọ iye àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀ ní ojú iṣẹ́ kan n'Íbàdàn, lọ́jọ́ tí a fẹ́ da dẹ́kìn, ìyẹn àjà oníkọnkéré. Àwọn lébírà ń bu omi kún kọnkéré kó lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Alábòójútó wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún omi rẹ̀ jáde. Omi aláwọ̀ eérú ń ro tó, tó, láàárín ìka rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní kí wọ́n kó o dànù, ó sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi po òmíràn. Tí omi bá pọ̀ jù nínú kọnkéré, ihò tíntìntín ló máa ń fi sílẹ̀ bó bá gbẹ, agbára rẹ̀ á sì dínkù. Ó tún bu díẹ̀ sínú àpótí irin, kí wọ́n lè fọ́ kọnkéré náà lẹ́yìn ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28 láti mọ bó ṣe lágbára tó.

Nígbà tí ilé alájà 21 wó n'Íkòyí ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tí ó pa èèyàn tó lé ní 40, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé: ojú ta ló wà níbẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ alábòójútó lè ka ìmọ̀ ilé kíkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ tàbí ti Èkó fún ọdún 5, tàbí kó gba ìwé ẹ̀rí OND àti HND ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti Yábàá. Lẹ́yìn náà ni yóò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CORBON, ìgbìmọ̀ àwọn akọ́lé tí òfin ọdún 1989 dá sílẹ̀. COREN ni ti àwọn ẹ̀ńjíníà. Birikilà tó mọṣẹ́ dunjú náà lè dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè ìwé ẹ̀rí lójú iṣẹ́ ńlá.

Ìwé ojoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ: bí ojú ọjọ́ ṣe rí, iye ẹni tó wá, ohun tó wọlé, kọnkéré tí wọ́n dà. Alábòójútó wa kì í bọ́ bàtà kó tó kọ tirẹ̀ tán.