Ohun Tí Sẹ́tíńgì Lè Yí Padà Nígbà Tí Ọkọ̀ Bá Ń Pààrọ̀ Léènì Fúnra Rẹ̀

Kí ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ tó kúrò ní léènì kan bọ́ sí òmíràn, ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ yanjú, á sì máa yẹ̀ wọ́n wò léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ṣé ìdí wà láti kúrò? Ṣé léènì kejì sàn ju èyí tó wà lọ? Ṣé àyè tó wà níbẹ̀ gbà á, láìjẹ́ pé ẹlòmíràn ń tẹ bíréèkì lójijì nítorí rẹ̀? Sẹ́tíńgì tí awakọ̀ ń tẹ̀ lójú skírínì a máa wọnú ìbéèrè àkọ́kọ́ àti ìkejì dáadáa. Ìkẹta ni ọwọ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ẹni tó yan ìwakọ̀ tó le jù lọ ló rò pé ńṣe làwọn pàṣẹ fún ọkọ̀ pé kó máa fún ara rẹ̀ mọ́ àlàfo tóóró. Ohun tí wọ́n yí padà gan-an ni bí ara ọkọ̀ ṣe ń yá tó láti kúrò lẹ́yìn ẹni tó wà níwájú.

Ọ̀rọ̀ ìdí ló kọ́kọ́ wà. Nígbà mìíràn, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń tọ̀ ló ń lé e kúrò ní léènì: ó kù díẹ̀ kó yà, tàbí léènì fẹ́ parí, tàbí òpópónà márosẹ̀ fẹ́ pín sí méjì. Bí kò bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó yẹ, á kọjá ibi tó ń lọ. Nígbà mìíràn sì rèé, eré lásán ni: ẹni iwájú ń fà, ẹ̀gbẹ́ kejì sì ń já geere. Sẹ́tíńgì tó ń sọ bóyá kí ọkọ̀ máa pààrọ̀ léènì púpọ̀ tàbí díẹ̀, ti eré yìí ló ń bá wí. Nítorí náà, ẹni tó yan èyí tó kéré jù, tó tún rí i pé ọkọ̀ pààrọ̀ léènì ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó dé ibi tí yóò ti yà, kò sí nǹkan tó bàjẹ́ lára ọkọ̀ rẹ̀.

Bí ọkọ̀ ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ kejì sàn jù ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tirẹ̀ tí kì í fi han ará ìta, ṣùgbọ́n ìlànà ìṣirò kan wà ní gbangba tó fi egungun ìpinnu náà hàn kedere. MOBIL ni wọ́n ń pè é. Arne Kesting, Martin Treiber àti Dirk Helbing ló gbé e jáde ní ọdún 2007. Ó ń béèrè pé: bí ọkọ̀ bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ni yóò jèrè nínú ìfikún eré? Kí ni àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò jèrè tàbí pàdánù, pàápàá ẹni tí yóò já sí níwájú? Ìpàdánù àwọn yẹn ni wọ́n á fi nọ́ńbà kan tó dúró fún ìgbatẹnirò lọ́po, kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nínú èrè. Bí ohun tó ṣẹ́kù bá ju òdiwọ̀n kékeré kan lọ, tí wọ́n sábà máa ń fi sí 0.1 m/s² (ìyẹn ni pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, eré fi mítà 0.1 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan pọ̀ sí i), ọkọ̀ á fẹ́ lọ.

Ká mú ọkọ̀ kan tó wà lẹ́yìn ẹni tó ń sá 105 kìlómítà ní wákàtí kan, tí awakọ̀ sì ti yan 120 gẹ́gẹ́ bí eré tó fẹ́. Ká ní ìfikún eré tó pọ̀ jù tí wọ́n gbà á láyè jẹ́ 1.5 m/s², iwájú sì ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Pẹ̀lú ìṣirò ìtọ̀lẹ́yìn (bí ọkọ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ẹni iwájú) tí wọ́n sábà ń lò pọ̀ mọ́ MOBIL, èrè rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi 0.62 m/s² tó bá bọ́ síbẹ̀. Ká sì ní ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn níbẹ̀ yóò ní láti dín eré kù ní 0.8. Bí nọ́ńbà ìgbatẹnirò bá jẹ́ òdo, èrè náà dúró pátá, ọkọ̀ á lọ. Bó bá jẹ́ 0.5, èrè á ku 0.22, ọkọ̀ á ṣì lọ. Bó bá jẹ́ 1, ìyẹn ni pé ọkọ̀ ka ìnira ẹlòmíràn sí tara rẹ̀ gẹ́lẹ́, ìṣirò á wọ gbèsè 0.18, ọkọ̀ á sì fìdí mọ́lẹ̀ sẹ́yìn ẹni iwájú. Ọkọ̀ kan náà, ọ̀nà kan náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yí ìpinnu padà.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í kà mọ́ sẹ́tíńgì léènì, òun ló sì lágbára jù nínú gbogbo wọn: eré tí awakọ̀ yàn. Nínú àpẹẹrẹ kan náà, ká ní 106 ló yàn dípò 120. Èrè á já wá sí nǹkan bíi 0.06. Kò tó 0.1, nítorí náà ọkọ̀ kò ní wá ẹ̀gbẹ́ kejì rárá, ìbáà jẹ́ ìwakọ̀ tó le jù lọ ló wà lójú skírínì. Àwọn ọkọ̀ kan tún gba awakọ̀ láyè láti sọ pé kí eré máa fi ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún ju ohun tí pátákó ojú ọ̀nà kọ lọ. Ẹni tó bá gbé ìdá yẹn sókè ti sọ gbogbo ẹni tó ń pa òfin eré mọ́ di ìdíwọ́ níwájú rẹ̀. Kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí ọkọ̀ kò bá sinmi lójú kan mọ́.

Àlàfo tí ọkọ̀ ń fi sílẹ̀ láàárín òun àti ẹni iwájú ní tirẹ̀ lójú méjì. Ní 108 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ ń rìn 30 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó yan àlàfo ìṣẹ́jú àáyá kan fi 30 mítà sílẹ̀, ẹni tó yan méjì ààbọ̀ fi 75 sílẹ̀. Àlàfo gígùn ń mú kí ọkọ̀ tètè dín eré kù lẹ́yìn ẹni tó ń fà, ìyẹn sì ń mú kó tètè fẹ́ kúrò. Àwọn ẹlòmíràn náà á máa já sínú àyè yẹn, ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá já wọlé sì di ìdí tuntun. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń wá irú àlàfo gígùn kan náà ní léènì tó fẹ́ bọ́ sí, kò ní rí i nígbà tí ọkọ̀ bá pọ̀ lójú ọ̀nà. Ó fẹ́ kúrò, kò ríbi lọ. Ohun tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á máa rí ni tráfíkétọ̀ tó ń tàn tó tún ń kú.

Kíkúrò ní léènì ìyára lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti kọjá ẹni tó ń fà tún ní ètò tirẹ̀. Níbi tí òfin ti ní kí awakọ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́, ìṣirò á fi èrè kékeré kan kún ti léènì ẹ̀gbẹ́ náà, bíi 0.3 m/s², kí ọkọ̀ lè máa fà síbẹ̀ nígbà tí kò bá sí ohun tó dá a dúró. Sẹ́tíńgì tó bá pa èyí rẹ́ á jẹ́ kí ọkọ̀ jókòó pa sí léènì ìyára, ohun tó sì ń bí àwọn tó wà lẹ́yìn nínú nìyẹn.

Ibi tí sẹ́tíńgì kò dé ni ìbéèrè kẹta, ti ààbò. Fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo ìlànà ọkọ̀ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, Ìlànà 79 ló gbé ìṣirò náà kalẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ní léènì kejì kò gbọ́dọ̀ ní láti dín eré kù ju 3 m/s² lọ, 0.4 ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fún un kó tó fèsì, àlàfo ìṣẹ́jú àáyá kan sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù láàárín àwọn méjèèjì. Ọkọ̀ tó ń rìn 108, tí ẹni ẹ̀yìn sì ń bọ̀ ní 144, nílò nǹkan bíi 51 mítà. Bí ẹni ẹ̀yìn bá ń bọ̀ ní 162, ó di nǹkan bíi 74. Ìlànà kan náà sọ pé sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ ríran kúrú ju 55 mítà lọ. Ẹ wò ó dáadáa: ọkọ̀ tí ojú rẹ̀ kò ju 55 lọ lè rí ẹni àkọ́kọ́ ní àkókò, ṣùgbọ́n ẹni kejì yóò ti sún mọ́ jù kó tó rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣírò eré tó kéré jù tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lórí rẹ̀ kó tó lè pààrọ̀ léènì fúnra rẹ̀. Bó bá ń rìn jẹ́ẹ́ jù, ìyàtọ̀ eré láàárín òun àti ẹni ẹ̀yìn á ju ohun tí ojú rẹ̀ ká lọ. Kò sí bọ́tìnì kan lójú skírínì tó lè dín 55 kù tàbí sọ 3 di 5. Ní Amẹ́ríkà, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó kọ irú ìṣirò yìí sílẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ tí awakọ̀ ṣì ń mójú tó. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló ń yan tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbà láti lọ, ó ku bí yóò ṣe lọ. Léènì òpópónà márosẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó 3.5 mítà. Bí ọkọ̀ bá fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sọdá, agbára tó ń ti èrò sí ẹ̀gbẹ́ kì í ju nǹkan bíi 0.9 m/s² lọ, èèyàn kò ní fi bẹ́ẹ̀ fura. Bó bá fi mẹ́ta sọdá, ó di 2.4, ẹni tó mú ife tíì dání á sì mọ̀ ọ́n lára. Ìwakọ̀ pẹ̀lẹ́ ń fa àkókò yìí gùn, èyí tó le ń gé e kúrú. Ewu kékeré kan fara pamọ́ síbẹ̀, tí kì í wá sọ́kàn: ọkọ̀ tó ń rọra sọdá ń pẹ́ lórí ìlà àárín, ó sì ń gba léènì méjì lẹ́ẹ̀kan náà fún ìgbà pípẹ́.

Ta ló ń sọ pé "ó yá"? Sẹ́tíńgì ìfọwọ́sí ló ń dáhùn èyí. Nígbà tí Tesla gbé Navigate on Autopilot, ètò rẹ̀ tó ń tọ ọ̀nà lórí òpópónà márosẹ̀, jáde ní ọdún 2018, ọkọ̀ á dábàá, awakọ̀ á sì fi tráfíkétọ̀ gbà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ yọ ìfọwọ́sí náà kúrò. BMW gba ọ̀nà mìíràn nínú 5 Series ti ọdún 2023: bí ọkọ̀ bá dábàá, awakọ̀ á kàn wo dígí ẹ̀gbẹ́, kámẹ́rà á rí ojú rẹ̀, ìyẹn sì tó. Ìlànà 79 ní tirẹ̀ fẹ́ kí awakọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tan tráfíkétọ̀, kí ọkọ̀ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó kọjá. Ọkọ̀ kan náà lè máa hùwà ọ̀tọ̀ ní orílẹ̀-èdè méjì nítorí èyí nìkan. Ìlànà tuntun kan, 171, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 fún àwọn ètò tó ń ran awakọ̀ lọ́wọ́.

Ohun kan tó yẹ kí a ṣọ́ra fún ni orúkọ tó di ẹrù púpọ̀ pọ̀. Ní ọdún 2021, Tesla fi orúkọ ìwakọ̀ mẹ́ta, Chill (pẹ̀lẹ́), Average (àárín) àti Assertive (èyí tó le), sínú FSD, ètò ìwakọ̀ rẹ̀ tó wà nínú ìdánwò nígbà náà. Ẹni tó yan Assertive gba àlàfo kúkúrú, ó gba pípààrọ̀ léènì lemọ́lemọ́, ó gbà pé ọkọ̀ kò ní kúrò ní léènì ìyára, ó sì tún gbà pé ọkọ̀ lè rọra yọ́ kọjá níbi tí àmì ti ní kó dúró pátápátá. Ti ìkẹyìn yìí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú léènì, ó sì lòdì sí òfin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, wọ́n pe ọkọ̀ 53,822 padà lórí rẹ̀, wọ́n sì fi sọ́fítíwíà tuntun pa á rẹ́ láìjẹ́ pé ọkọ̀ kankan dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Nínú àwọn ètò tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti inú fídíò ìwakọ̀ àwọn ènìyàn, kò sí nọ́ńbà ìgbatẹnirò kan tó dá dúró tí a lè fọwọ́ tọ́ka sí. Níbẹ̀, sẹ́tíńgì lè jẹ́ ọ̀kan péré nínú ohun tí wọ́n ń fi bọ́ ètò náà. Ó dà bí ìgbà tí èrò bá sọ fún awakọ̀ pé kó rọra: awakọ̀ á gbọ́, á sì yí ìwà padà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ iye tí yóò fi yí i. Nítorí náà ni àtúnṣe sọ́fítíwíà ṣe lè mú kí orúkọ sẹ́tíńgì kan náà máa wakọ̀ lọ́nà mìíràn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Àwọn nǹkan tó ń borí gbogbo sẹ́tíńgì pọ̀: ìlà ilẹ̀ tí kò gé, ẹrẹ̀ lójú kámẹ́rà, òjò líle, oòrùn tó kọjú sí i gbọnrangandan, awakọ̀ tí ojú rẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà. Super Cruise, ètò ìwakọ̀ ti ilé-iṣẹ́ GM, kì í pààrọ̀ léènì fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń fa tírélà. Bí ẹnì kan bá yọ lójijì nígbà tí ọkọ̀ ti ń ṣí lọ, ètò náà lè fagi lé e, kó sì padà sí léènì rẹ̀.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń pààrọ̀ léènì jù yóò rí ìyàtọ̀ kíákíá tó bá kọ́kọ́ sọ eré tó yàn kalẹ̀ díẹ̀, kó tó fọwọ́ kan orúkọ ìwakọ̀. Bí ìyẹn kò bá tó, kó wá sẹ́tíńgì tó ń dín pípààrọ̀ léènì kù. Lórí àwọn ọkọ̀ kan, ìrìn àjò kan ṣoṣo ni irú sẹ́tíńgì bẹ́ẹ̀ ń bá lọ. Tí wọ́n bá pa ọkọ̀, tí wọ́n tún tan án, á ti padà sí bó ṣe wà, wọ́n á sì ní láti yàn án lẹ́ẹ̀kan sí i.