Ogbó kì í dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì

Bí ìyá àgbà bá jí láàárọ̀ tí kò lè na ọwọ́ sókè wé gèlè, ohun tí gbogbo ilé máa ń sọ ni pé, "Ara ló ń dàgbà." Wọ́n á wá nǹkan fi ra á léjìká, wọ́n á ní làkúrègbé ni. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ogbó ń wọlé, ọdún gorí ọdún. Ẹni tó ń dá múra lóṣù tó kọjá, tí wọ́n wá ń bá ki ọwọ́ bọ apá bùbá lónìí, ẹ má di í ru ogbó.

Àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní polymyalgia rheumatica. Èjìká méjèèjì ló sábà máa ń mú. Ọrùn, ìbàdí àti itan náà kì í gbẹ́yìn. Òwúrọ̀ ló burú jù: ara á gan, ó lè ju ìṣẹ́jú 45 lọ kó tó dẹ̀. Yíyí ẹ̀gbẹ́ padà lóru á di ìjàkadì. Àárẹ̀, ara gbígbóná díẹ̀ àti rírù lè bá a rìn. Pẹ̀lú gbogbo ìrora yìí, iṣan ò bàjẹ́ o. Inú oríkèé àti àyíká rẹ̀ ló wú.

Kì í sábà mú ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, àwọn tó ti lé ní 70 ló sì ń bá jà jù. Obìnrin ń ní in ju ọkùnrin lọ dáadáa. Ó wọ́pọ̀ ní Norway, Sweden àti Denmark, kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú: ohun tí kò wọ́pọ̀ kì í tètè wá sí dókítà lọ́kàn. Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún un, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ESR àti CRP, èyí tó ń fi hàn bí nǹkan bá ń wú nínú ara.

Oògùn prednisolone ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ara á yá débi pé ẹnu á ya ará ilé. Ẹ má tìtorí ìyẹn lọ rà á fúnra yín ní kẹ́míìsì: ó ń gbé ṣúgà sókè, ó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́, a kì í sì í já a sílẹ̀ lójijì. Dókítà ló ń dín in kù, ó sì lè tó ọdún kan sí méjì.

Bí orí bá wá ń fọ́ lẹ́bàá etí, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dun èèyàn tó bá ń jẹran, tàbí tí ojú ṣàdédé ṣú, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ó lè jẹ́ pé òpó ẹ̀jẹ̀ orí ló wú. Ojú tó bá tibẹ̀ fọ́ kì í sábà là mọ́.